BÁTÌRÌ LITHIUM ÀTI INVERTER TÍ KÌ Í ṢE ILÉ-IṢẸ́ KAN NÁÀ: OHUN TÍ Ó YẸ KÍ GBOGBO ILÉ MỌ̀

Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe ní Tudun Wada yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ni mo sì ti wọ ilé rẹ̀ pẹ̀lú àkàbà lójú ejìká. N kò wá ta ọjà fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo wá dáhùn, nítorí pé òun ni wọ́n ń bi mí jù lọ: "Inverter tí mo ní nílé, ṣé bátìrì lithium tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe lè bá a ṣiṣẹ́?"

Ìdáhùn mi ni pé ó lè bá a ṣiṣẹ́, bí a bá ṣe ìwádìí kí a tó so wọ́n pọ̀. Ẹ̀yin àgbà ni ẹ kọ́ wa pé a kì í fi ọmọ fún ọkọ kí a má ṣe ìwádìí ìdílé. Orúkọ tí ó wà lára páálí kọ́ ni ìdílé bátìrì. Nọ́ńbà tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ ni.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ

Àwọn tí ó ti pẹ́ ní Jos mọ̀ pé ìlú yìí ti rí iná mànàmáná kí ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà tó rí i. Ní 1929 ni wọ́n dá NESCO sílẹ̀, tí ó ń fi agbára omi ní Kurra Falls pèsè iná fún àwọn tí ń wa kùsà tin. Lẹ́yìn náà NEPA dé. Ní 2005, NEPA di PHCN. Ní 2013, wọ́n pín in, wọ́n sì tà á fún àwọn aládàáni, èyí tí ó kàn wá sì di ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ní Jos. Orúkọ ń yí padà, ṣùgbọ́n NEPA náà ni a ṣì ń pè é, nítorí pé òkùnkùn kò yí padà.

Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, owó jálá epo bẹ́ńtiróòlù kan fò láti abẹ́ 200 náírà lọ sí òkè 500 náírà láàrin ọjọ́ díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ di ohun tí a ń wò bí ère. Ní oṣù Kẹwàá 2024 ẹ̀wẹ̀, wáyà ńlá tí ń gbé iná wá sí òkè Ọya bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ àríwá, Plateau pẹ̀lú, sì wà nínú òkùnkùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń sáré ra sólà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ra gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A ti ní inverter tẹ́lẹ̀, èyí tí a ń fi bátìrì àtijọ́ lò. Bátìrì yẹn kú, a wá ń gbọ́ pé lithium ló dára. A kó owó àjọ, a yá díẹ̀ kún un, ọmọ tí ó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù fi díẹ̀ ránṣẹ́, a ra bátìrì kan ṣoṣo. Bí ìyẹn bá bàjẹ́ ní oṣù kẹta, kì í ṣe bátìrì nìkan ló bàjẹ́, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ náà ló bá a lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi tó ọ̀rọ̀ sọ ní àárín ẹgbẹ́.

KÍ NI BÁTÌRÌ LITHIUM?

Bátìrì àtijọ́, òjé àti ásíìdì ni ó wà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí a ń bu omi sí, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n dì pa. Ní 1991 ni ilé-iṣẹ́ Sony ti Japan kọ́kọ́ gbé bátìrì lithium-ion jáde fún títà. Irú èyí tí a ń lò fún sólà lónìí, tí irin àti fọ́sífétì wà nínú rẹ̀, jáde láti ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n John Goodenough àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Texas, Amẹ́ríkà, láàrin àwọn ọdún 1990. Ní 2019, wọ́n fún òun pẹ̀lú Stanley Whittingham àti Akira Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ lithium. Ẹni ọdún 97 ni bàbá náà nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Bátìrì olójé mẹ́rin tí ó jẹ́ 12 volt, 200 amp-wákàtí, bí a bá so wọ́n pọ̀, yóò kó nǹkan bí 9.6 kílówáàtì-wákàtí. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí wọ́n pẹ́, ìdajì ni kí a máa lò, ìyẹn 4.8. Bátìrì lithium kan ṣoṣo tí ó jẹ́ 51.2 volt, 100 amp-wákàtí, yóò kó 5.12, a sì lè lo ìdá mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú ìdá mẹ́wàá rẹ̀ láìsí wàhálà. Nítorí náà, ọ̀kan lè dúró fún mẹ́rin.

Ohun kan tún wà nínú lithium tí kò sí nínú bátìrì olójé. Ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BMS. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Bí iná tí ń wọlé bá pọ̀ jù, yóò ti ilẹ̀kùn. Bí èyí tí ń jáde bá pọ̀ jù, yóò ti ilẹ̀kùn. Bí ooru bá pọ̀ jù, yóò ti ilẹ̀kùn. Bátìrì olójé a máa fara da ìyà títí yóò fi kú. Lithium kì í fara dà á, yóò já ara rẹ̀ kúrò ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà láàrin òun àti inverter ti ń bẹ̀rẹ̀.

ÌWÁDÌÍ ÀKỌ́KỌ́: VOLT

Sẹ́ẹ̀lì lithium kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.2 volt. Bí wọ́n bá to mẹ́rin, ó di 12.8 volt, èyí ló bá inverter 12 volt lọ. Mẹ́jọ di 25.6, fún inverter 24 volt. Mẹ́rìndínlógún di 51.2, fún inverter 48 volt. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n to mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, tí ó jẹ́ 48 volt gan-an. Pylontech US2000 àti US3000, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tiwọn. Lára páálí, "48V" ni wọn yóò kọ sí àwọn méjèèjì. Ẹni tí kò bá béèrè kò ní mọ ìyàtọ̀.

Sẹ́ẹ̀lì kan kò gbọ́dọ̀ ju 3.65 volt lọ. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 16, ó jẹ́ 58.4. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 15, ó jẹ́ 54.75. Bí inverter bá wá ń ti 56 volt sínú bátìrì, oní-sẹ́ẹ̀lì 16 yóò rí 3.5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àlàáfíà ni. Oní-sẹ́ẹ̀lì 15 yóò rí 3.73, BMS yóò sì ti ilẹ̀kùn lójú ẹsẹ̀.

Mo rí irú èyí lọ́dọ̀ ìyá kan tí ó ń ta omi tútù àti zóbò. Ní gbogbo ọ̀sán tí oòrùn bá mú gan-an, inverter rẹ̀ yóò ké, yóò sì kú. Bí kùrukùru bá bo ojú ọ̀run, kì í kú. Ẹni tí ó ta bátìrì fún un ní inverter ló bàjẹ́. Ẹni tí ó ta inverter ní bátìrì ló bàjẹ́. Ó ti fẹ́ ta bátìrì náà ní ìdajì owó kí ó lè dá owó àjọ padà. Nígbà tí mo fi mítà wò ó, inverter ń ti 56.4 volt, bátìrì sì jẹ́ oní-sẹ́ẹ̀lì 15. Bí oòrùn bá mú, bátìrì á kún, á já ara rẹ̀ kúrò, sólà ṣì ń ti iná bọ̀ tí kò sí ibi tí yóò lọ, inverter á sì pa ara rẹ̀. Mo yí i sí 53 volt. A kò ra nǹkan kan. Firíìjì ìyá náà ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

ÌWÁDÌÍ KEJÌ: ÈTÒ INÚ INVERTER

Bí inverter bá ti ilé-iṣẹ́ dé, ètò bátìrì olójé ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí a yí i sí lithium, tàbí sí ibi tí olúwarẹ̀ ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan nọ́ńbà. Fún oní-sẹ́ẹ̀lì 16, àárín 55.2 sí 56.8 volt ni ọ̀pọ̀ ìwé ìlò máa ń fẹ́ fún ṣáájì. Fún Pylontech oní-sẹ́ẹ̀lì 15 tí mo dárúkọ, nǹkan bí 52.5 sí 53.5 ni. Ìwé tí ó bá bátìrì yín wá ni kí ẹ gbọ́ràn sí lẹ́nu, kì í ṣe ẹnu mi, kì í sì í ṣe ẹnu aládùúgbò.

Nǹkan méjì wà tí a gbọ́dọ̀ pa. Èkínní ni ètò tí wọ́n ń pè ní equalisation. Bátìrì olójé tí a ń bu omi sí nílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ń lo oògùn inú rírun. Inverter yóò ti iná tí ó ga ju ti ojoojúmọ́ lọ sínú bátìrì. Lithium kò nílò rẹ̀ rárá, ó sì lè ṣe é ní ìpalára.

Èkejì kan àwa ará Jos ju àwọn ará ìsàlẹ̀ lọ. Ìlú wa ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju òkun lọ, ẹ sì mọ òtútù oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní. Àwọn inverter kan ní ètò tí ń wo ojú ọjọ́: bí òtútù bá mú, wọn yóò gbé volt ṣáájì sókè, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni bátìrì olójé ṣe fẹ́ ẹ. Fún bátìrì 48 volt, bí ojú ọjọ́ bá fi ìwọ̀n 10 tutù ju ìwọ̀n 25 lọ, ó lè fi nǹkan bí volt 1 kún un. Ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní oṣù Kẹrin á wá máa kú ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ìdí. Bí bátìrì yín bá jẹ́ lithium, ẹ pa ètò yìí. Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé òtútù Jos yóò ba lithium jẹ́. Òtútù tí ó burú fún ṣíṣáájì rẹ̀ ni èyí tí omi ti ń di yìnyín. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Ooru gan-an ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ Jos ń ràn wá lọ́wọ́ ni.

ÌWÁDÌÍ KẸTA: AMP

Inverter 5 kílówáàtì lórí 48 volt yóò fa nǹkan bí 104 amp bí a bá lo gbogbo agbára rẹ̀. Bí a bá ka èyí tí ń ṣòfò mọ́ ọn, ó tó 115. Nísinsìnyí, ẹ wo ìwé bátìrì yín. Àwọn bátìrì 100 amp-wákàtí kan lè tú 100 amp sílẹ̀, àwọn mìíràn kò fẹ́ ju 50 lọ. Bí ẹ bá fi ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí sí ìdí inverter 5 kílówáàtì, tí ẹ sì tan ẹ̀rọ tí ń fa omi, áyọ́ọ̀nù àti firíìjì lẹ́ẹ̀kan náà, òkùnkùn dé nìyẹn. Mọ́tò tí ń fa omi a máa fa ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà tí ó bá ń ta jí. Bátìrì kò bàjẹ́, inverter kò bàjẹ́, ẹrù ló ju orí lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣáájì. Bí inverter bá lè ti 80 amp, tí bátìrì sì fẹ́ 50, ẹ yí inverter sí 50 tàbí kí ó dín sí i.

ÌWÁDÌÍ KẸRIN: ALÁRINÀ

Nínú ìgbéyàwó ayé àtijọ́, alárinà ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Alárinà wà láàrin bátìrì àti inverter pẹ̀lú. Wáyà kékeré kan ni, tí orí rẹ̀ jọ ti wáyà kọ̀ǹpútà. Nínú rẹ̀ ni BMS ti ń sọ fún inverter pé, "Mo ti kún, dín in kù," tàbí "Ó rẹ̀ mí, má fà jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà ń gbà sọ̀rọ̀, CAN àti RS485.

Níbi tí ilé-iṣẹ́ ti yàtọ̀ síra, ohun mẹ́ta ló lè da alárinà rú. Ó lè jẹ́ pé bátìrì ń sọ CAN, inverter sì ń retí RS485. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n èdè wọn yàtọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé èdè kan náà ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe to wáyà mẹ́jọ inú rẹ̀ yàtọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí rẹ̀ wọ ihò pẹ́kípẹ́kí. Wíwọ̀ kì í ṣe gbígbọ́ra ẹni yé.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ inverter gbọ́ èdè Pylontech, nítorí náà ọ̀pọ̀ bátìrì ilé-iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ti kọ́ láti máa sọ ọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Victron àti Deye a sì máa tẹ orúkọ àwọn bátìrì tí wọ́n fọwọ́ sí jáde. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ontajà fi hàn yín.

Bí alárinà kò bá wá sí, ṣé ìgbéyàwó ti dàrú? Rárá. Inverter lè máa fi volt nìkan ṣiṣẹ́, bí a bá ti to nọ́ńbà rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé ní Jos ló ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí inverter bá kọ sójú gbọ́, nítorí pé volt lithium kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó kún títí di ìgbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó tán. Ojú bátìrì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ máa wò, tàbí kí ẹ fi mítà tí ń ka amp sí i.

Ẹ tún jẹ́ kí inverter dáwọ́ dúró kí BMS tó ti ilẹ̀kùn. Fún oní-sẹ́ẹ̀lì 16, 48 volt dára fún ìdádúró. Fún oní-sẹ́ẹ̀lì 15, 45. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní 42 bíi ti olójé, BMS lè ti ilẹ̀kùn pátápátá, inverter kan kò sì ní rí bátìrì mọ́ láti fi ṣáájì sí i lára. Oòrùn á ràn, iná kò ní wọlé, àfi kí ẹ pe ẹni tí yóò wá jí i.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ má so lithium àti bátìrì olójé pọ̀ sí ojú kan nítorí pé ẹ kò fẹ́ ju ti àtijọ́ nù. Ẹ má so lithium ilé-iṣẹ́ méjì pọ̀ bí iye sẹ́ẹ̀lì wọn kò bá dọ́gba. Ẹ má lo bréékà iná NEPA fún wáyà bátìrì. Iná bátìrì kì í já bọ̀rọ̀, ó lè máa ta páràpárà nínú bréékà náà títí yóò fi jó. Fíùsì tí wọ́n ṣe fún iná bátìrì gbọ́dọ̀ wà ní ìtòsí bátìrì náà. Wáyà gbọ́dọ̀ nípọn, kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì le dáadáa, nítorí nọ́ọ̀tì tí ó dẹ̀ a máa gbóná. Òótọ́ ni pé irú lithium yìí kì í tètè gbiná bíi ti fóònù, ṣùgbọ́n a kì í gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gáàsì tàbí kẹrosíìnì, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan gbẹ.

Ẹ ṣọ́ra fún ògbólógbòó sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tú lára mọ́tò, tí wọ́n sì kó sínú páálí tuntun. Bí ẹ bá ra 100 amp-wákàtí, ẹ jẹ́ kí a lò ó tán lójú yín lẹ́ẹ̀kan, kí a ka iye tí ó jáde.

ÌBÉÈRÈ MẸ́FÀ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

1. Sẹ́ẹ̀lì mélòó ni ó wà nínú rẹ̀?
2. Volt mélòó ni ó fẹ́ fún ṣáájì, mélòó sì ni fún ìdádúró?
3. Amp mélòó ni ó lè gbà, mélòó ni ó lè tú sílẹ̀ láìdúró?
4. CAN ni tàbí RS485, àwọn inverter wo ni ó sì mọ èdè wọn?
5. Ta ni yóò dúró fún un bí ó bá bàjẹ́, ọdún mélòó ni, ṣé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀?
6. Ìwé ìlò rẹ̀ dà?

Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́rin nínú wọn, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Àwọn kan sọ pé kí olúwarẹ̀ kàn ra bátìrì àti inverter ilé-iṣẹ́ kan náà, kí ọ̀rọ̀ parí. Bí owó bá wà tí ẹ sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò bá wọn jiyàn: alárinà á yá, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ ó sì máa bá wí. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ fún opó tí ó ní inverter tí ó ṣì dára pé kí ó jù ú nù. Ìwádìí tí a ṣe lónìí kò gbà ju wákàtí kan lọ.

Níkẹyìn, mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì sí ẹgbẹ́. Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a ní ìwé kan lọ́dọ̀ akọ̀wé, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá so bátìrì mọ́ inverter yóò kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Láàrin ọdún kan, ẹni tí ó bá fẹ́ ra yóò ti mọ èyí tí ó bára mu ní àdúgbò wa. Èkejì, ẹ jẹ́ kí a ra mítà kan fún ẹgbẹ́, kí ọ̀dọ́ mẹ́rin, ọkùnrin àti obìnrin, wá kọ́ bí a ti ń lò ó. Èmi yóò kọ́ wọn ní Sátidé, n kò ní gba kọ́bọ̀.

Owó tí a fi òógùn ojú kó jọ kò ní di òfò mọ́ wa lọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀ kò ní tán nínú ilé wa o. Àṣẹ.